Bí a ṣe ń fọ rọ́ọ̀gì pálọ̀ kí àlejò Ojúde Ọba tó dé, àti irú ẹni tó yẹ ká pè

Ojúde Ọba, ọdún tá a máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń bọ̀ nìyẹn, regbẹ́regbẹ́ (ẹgbẹ́ ojúgbà) bàbá yín ti ní pálọ̀ yín làwọn á jókòó sí, ẹ wá wolẹ̀ báyìí, rọ́ọ̀gì ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú. Ẹ má tíì gbé ọṣẹ o.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ná. Lọ́dún kan mo pe bọ̀dá kan tó ń fọ rọ́ọ̀gì kiri Ìjẹ̀bú-Òde, ó da Ómò sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ìfóòfó kún ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ mọ́tò, ó fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún, ó fín pafúùmù sí i, ó gbowó, ó lọ. Ó mọ́ lójú lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ilé ń rùn bí ajá tí òjò pa, kò sì pẹ́ tó tún dọ̀tí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọṣẹ tó kù nínú ẹ̀ ń fa eruku mọ́ra. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹnikẹ́ni ló lè da omi sí rọ́ọ̀gì, fífa omi yẹn jáde gan-an niṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yọ eruku ẹ̀ ní gbígbẹ. Ṣé ẹ ti rí gàrí tó dà sílẹ̀ rí? Tẹ́ ẹ bá gbá a ní gbígbẹ, ó tán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fomi sí i, ó wú, ó di ẹ̀bà. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku ń di ẹrẹ̀. Ẹ rọra fa fákúùmù ní òòró, kẹ́ ẹ tún fà á ní ìbú. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣeé ká, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ fi igi lù ú lẹ́yìn.

Ó wá kan àbàwọ́n. Epo ìkọ́kọrẹ́ ni ọ̀gá wọn nílé tèmi. Ẹ fi ṣíbí kó tòkè kúrò, ẹ bu páúdà lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí kó mu epo, ẹ fà á kúrò, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, láti etí wọ àárín. Ẹ má gbo ó o, gbígbo ló ń jẹ́ kó ràn. Ẹ̀jẹ̀ ẹran Iléyá, omi tútù ni, omi gbígbóná á sè é mọ́ ọn ni. Kí háípò má débẹ̀ rárá.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mọ irú èyí tẹ́ ẹ ní. Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ lọ síta kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Tó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì di eérú, wúùlù ni, omi gbígbóná gan-an àti ọṣẹ líle á bà á jẹ́. Tó bá yọ́ tó di kókó bíi ike, kì í ṣe wúùlù, ìyẹn máa ń fara dà á díẹ̀ jù ú lọ.

Àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń lo ẹ̀rọ tó ń tu omi gbígbóná sí i tó sì ń fà á padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ń pè é ní stíìmù, àmọ́ omi gbígbóná lásán ni. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 24 kó tó gbẹ. Àwọn míì ń fi kẹ́míkà tó ń gbẹ di èérún mọ́ ìdọ̀tí lára, wọ́n á wá fi fákúùmù kó o, ìyẹn tètè ń gbẹ ṣùgbọ́n kì í wọlẹ̀ tó ti omi. Láwọn ọdún yìí tí Iléyá ń bọ́ sásìkò òjò, ẹ ṣe é ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ tan fáànù.

Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rọ wo lẹ ń lò? Tíná ò bá sí ńkọ́, ṣé jẹnẹrétọ̀ yín gbé e? Ṣé yàrá lẹ fi ń ka owó àbí mítà? Ẹ ti fi téèpù wọn tiyín kí wọ́n tó dé, mítà 4 lọ́nà 5, 20 nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sanwó ohun tí ò wọ̀n. Ẹni tó bá dárúkọ owó láìbéèrè irú rọ́ọ̀gì tàbí àbàwọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Kó kọ́kọ́ dán ọṣẹ ẹ̀ wò ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn àga, kó fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, bí àwọ̀ bá ń jáde, kó dúró.

Ẹ má san gbogbo owó tán o. Tó bá ní òun ti parí, ẹ ní kó fi omi lásán, láìsí ọṣẹ, fà á lẹ́ẹ̀kan sí i lójú yín, kẹ́ ẹ wo inú táǹkì ẹ̀. Tó bá ṣì dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì, tàbí tó ń fóòfó, ẹ ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.