Bí O Ṣe Lè Fi Ẹ̀fẹ̀ Bá Ọ̀gá Wí, Kí Wọ́n Má Ti Gbọ̀ngàn Mọ́ Ọ

Eré ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìkéré-Èkìtì, aláṣẹ kan ni mo gbé lódidi sínú ẹ̀: fìlà rẹ̀, bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní òrùlé gbọ̀ngàn ń jò. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣègbéyàwó nínú ẹ̀ ní Sátidé yẹn gan-an!

Kunchan Nambiar ló là mí lójú. Akéwì èdè Malayalam ni, ní Kerala, gúúsù Íńdíà, ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Wọ́n máa ń pìtàn pé onílù ni nínú eré tẹ́ńpìlì, oorun gbé e lọ nídìí ìlù, ni òṣèré bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò. Lọ́jọ́ kejì ló gbé eré tirẹ̀ jáde, thullal, èrò sì ya bá a. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin, tó ń jó, tó ń sín gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn jẹ.

Nítorí náà, wá ìtàn àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó lè bá ọ jà lé lórí. Mahabharata, ìtàn akọni àtijọ́ ti Íńdíà, ni Nambiar lò. Níbẹ̀, Bhima alágbára bá ọ̀bọ arúgbó kan lọ́nà, ó ní kó dìde. Ọ̀bọ ní ara òun ò gbé e mọ́, kó kúkú bá òun gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bhima gbé e títí, ìrù ò mì.

Èmi sọ Bhima di Ìjàpá nínú jíìpù onísáírìn. Ìyá àgbà kan ń gúnyán lẹ́bàá ọ̀nà.

“Ìwọ ìyá yìí, kúrò níbẹ̀!”

“Ọmọ mi, orúnkún ń dùn mí. Bá mi gbé ọmọ odó yẹn, kí o máa lọ.”

Má tètè jẹ́ kí Ìjàpá juwọ́ sílẹ̀ o. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan gbé e, kó tó bọ́ agbádá, kó tó pe ọlọ́pàá rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ̀rín wà.

Èdè ọjà ni Nambiar fi kọ ọ́, kì í ṣe Sáńsíkírítì àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí ìyá yẹn bá ń pe ilé ní “ulé”, má tún un ṣe.

Ègbè ńkọ́? Àwọn tó ń lùlù, tó ń lu aro lẹ́yìn òṣèré thullal ló ń gbe orin rẹ̀. Àwa ní àpíìrì, orin ìbílẹ̀ Èkìtì. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti tó.

Lọ́dún tó kọjá, iwájú pátápátá ni ọ̀gá onífìlà yẹn jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ná Ìjàpá lówó.