Bí A Ṣe Ń To Ikọ̀ Power Play fún Ẹgbẹ́ Họ́kì Orí Yìnyín

Nínú họ́kì orí yìnyín, eléré mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ̀ sí òfin, tí rẹfirí sì ní kí ó lọ jókòó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Àkókò yìí, tí eléré márùn-ún ń dojú kọ mẹ́rin, ni à ń pè ní power play. Góòlù kan péré ni ó lè mú wá, nítorí pé bí góòlù bá ti wọlé báyìí, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò padà sórí pápá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1955, Jean Béliveau ti Montreal Canadiens gbá góòlù mẹ́ta wọlé Boston Bruins láàárín ìṣẹ́jú àáyá 44, nígbà tí àwọn ará Boston kò pé lórí pápá. Nígbà tí sáà náà parí, NHL, ìyẹn líìgì họ́kì tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, yí òfin padà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò wo ìwé góòlù, yóò ṣa àwọn márùn-ún tí orúkọ wọn wà lókè, yóò sì dà wọ́n sórí yìnyín pọ̀. Atamátàsé márùn-ún tí gbogbo wọn ń dúró de pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí a ń gbá, kò ní rí ẹni tí yóò gbé e fún wọn. Ipò ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó wá yan ẹni tí yóò dúró síbẹ̀. Ìtò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò lónìí ni 1-3-1: ẹnì kan wà lókè nítòsí ìlà búlúù, ìyẹn ìlà tí ó pààlà sàkání àwọn alátakò, mẹ́ta tò ní ìbú, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ọ̀tún, ẹni karùn-ún sì dúró lẹ́nu ilé níwájú aṣọ́lé.

Ọwọ́ tí eléré fi ń gbá ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún ni ó yẹ kí ó dúró ní òsì, nítorí pé ojú ọ̀pá rẹ̀ yóò kọ sí àárín pápá, bí pọ́ọ̀kì bá sì ti ọ̀tún wá, yóò lè gbá a lójú ẹsẹ̀ láì kọ́kọ́ dá a dúró. Láàárín ìgbà tí pọ́ọ̀kì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì, aṣọ́lé gbọ́dọ̀ fà tẹ̀lé e. Bí a bá gbá a kí ó tó dé, ìdajì ilé ti ṣófo. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni Alex Ovechkin ti Washington Capitals máa ń dúró sí, síbẹ̀ wọn kò rí i dá dúró: ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, inú power play ni ó ti gbá góòlù 895 rẹ̀, èyí tí ó fi kọjá Wayne Gretzky, ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú NHL tẹ́lẹ̀. Apá òsì yìí kan náà ni Jarome Iginla ti máa ń gbá tirẹ̀ fún Calgary Flames. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá kò nílò kí a túmọ̀ orúkọ náà fún un.

Atamátàsé nìkan kò tó. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì rẹ̀ ni ọpọlọ ikọ̀ náà, kí ó jẹ́ onísùúrù tí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà, tí kì í bẹ̀rù bí adènà bá sún mọ́ ọn. Fún àárín, ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, nítorí pé adènà mẹ́rin ló yí i ká, kò sì ní àyè láti ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni ẹnu ilé kò nílò ẹ̀yẹ kankan. Kí ó kàn le, kí ó dí aṣọ́lé lójú, kí ó sì mọ bí a ṣe ń gbá èyí tí ó bá ta padà. Ní òkè, eléré ẹ̀yìn kan péré ni mo fara mọ́, kí àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ eléré iwájú. Ewu wà nínú rẹ̀, torí pé bí pọ́ọ̀kì bá bọ́ lọ́wọ́, òun nìkan ni yóò máa sá padà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹni tí eré rẹ̀ wúwo síbẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní ẹni tí ó lè gbá pọ́ọ̀kì bíi ti Ovechkin, ẹ má ṣe fi tipátipá lo 1-3-1. Ẹ kó ènìyàn mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n máa gbé pọ́ọ̀kì fún ara wọn ní kúkúrú títí àwọn adènà yóò fi ya sí ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òdìkejì. Ohun tí àwọn adènà bá ṣe ni kí a wò. Bí wọ́n bá ń lé yín kiri, pọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ yára ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Bí wọ́n bá sì ká ara wọn jọ síwájú ilé, ẹ gbá a láti òkè nígbà tí ẹnìkan ń dí aṣọ́lé lójú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti ń fi àkókò ṣòfò ni wíwọ sàkání àwọn alátakò. Òfin NHL gba àwọn tí kò pé láyè láti gbá pọ́ọ̀kì lọ sí ìpẹ̀kun pápá láì sí ìjìyà, bí ẹ bá sì lọ gbé e wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ọgbọ́n kan tí ó gbajúmọ̀ ni pé kí ẹni tí ó gbé pọ́ọ̀kì bọ̀ sáré dé àárín pápá, kí àwọn adènà máa fà sẹ́yìn nítorí rẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹnìkejì tí ó ti ẹ̀yìn wá pẹ̀lú eré kíkún. Láti sáà 2019–20, ẹgbẹ́ tí ó ní àǹfààní ni ó ń yan ẹ̀gbẹ́ tí a ó ju pọ́ọ̀kì sí níbẹ̀rẹ̀ kí eléré méjì lè jà á gbà. Ẹ yan ẹ̀gbẹ́ tí ẹni tí ń já a gbà fún yín ti lágbára jù.

Ní ti pípín ikọ̀ sí méjì, àwọn kan máa ń pín àwọn tí ó dára dọ́gba. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Edmonton Oilers kó Connor McDavid àti Leon Draisaitl, àwọn eléré wọn méjì tí ó dára jù, sínú ikọ̀ kan náà ní sáà 2022–23, power play wọn sì so èso ní ìdá 32.4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò sí ẹgbẹ́ NHL kankan tí ó ṣe é rí. Kí ikọ̀ kìíní lo ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, kí ikọ̀ kejì sì wọlé pẹ̀lú ìtò tí ó yàtọ̀, kí àwọn adènà tí ó ti rẹ̀ má baà rí ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Bí ó bá di márùn-ún sí mẹ́ta, ẹ má yára: méjì lókè, méjì ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀kan láàárín, kí ẹ sì gbé pọ́ọ̀kì káàkiri títí ẹnìkan yóò fi wà ní òun nìkan. Ní ìgbà ìdánrawò, ẹ fi àwọn adènà gidi dojú kọ wọ́n, kí aago máa ka ìṣẹ́jú méjì, kí pọ́ọ̀kì sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun pápá yín, kì í ṣe láti iwájú ilé.