Ta Ló Fún Wàrà Inú Agolo Yìí?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníbàárà máa ń di agolo mílíìkì mú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò wá bi mí pé, "Ìyá, níbo gan-an ni wọ́n ti ṣe eléyìí?" Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún gidigidi. Mo kó díẹ̀ lára ìbéèrè wọn jọ síbí, pẹ̀lú bí mo ṣe dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjà, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni mí. Mo ra mílíìkì ìyẹ̀fun ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ya màlúù dúdú-funfun sí i lára nínú pápá tútù yọ̀yọ̀, wọ́n sì kọ "Made in Nigeria" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé màlúù ilẹ̀ wa ni wọ́n fún wàrà rẹ̀? N ò rí irú màlúù yẹn rí láti Ifẹ̀ dé Ìkirè.

Ìdáhùn: Ojú ẹ ríran, ọmọ mi. Ibi tí wọ́n ti dì í ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú mílíìkì tí à ń rà nílẹ̀ yìí, òkè òkun ni wọ́n ti fún un lọ́mú màlúù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Inú àpò oníkílò 25 ló sábà máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ilé iṣẹ́ tó rà á ni yóò bù ú sínú sáṣẹ́ẹ̀tì, tàbí kó fi omi pò ó kó tó rọ ọ́ sínú agolo. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni òun yóò gbà láyè láti rí dọ́là fi ra mílíìkì wọlé. Orúkọ mílíìkì tó wà lórí pẹpẹ mi lọ́jọ́ náà ju mẹ́fà lọ dáadáa, torí orúkọ púpọ̀ lè ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà jáde.

Mi ò ní kò sí ti ilẹ̀ yìí rárá o. Lágbègbè Ìṣẹ́yìn àti Fásọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Peak ń gba wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nìyẹn lára ohun tí gbogbo wa ń mu.

Nítorí náà, bí o bá ti mú agolo dání, bi í ní nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló ni orúkọ tó wà níwájú? Ta ló dì í? Níbo ni wọ́n ti fún un? Wá ka ibi tí wọ́n to ohun tó wà nínú rẹ̀ sí. Tí o bá rí "skimmed milk" pẹ̀lú "vegetable fat", wọ́n ti yọ ọ̀rá inú wàrà kúrò, wọ́n fi òróró dípò rẹ̀, òróró ọ̀pẹ ló sì sábà máa ń jẹ́. Apá kan mílíìkì yẹn kò ti ara màlúù kankan wá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní nọ́ńbà abẹ́ ìlà dúdú-dúdú yẹn ló ń sọ ìlú tí ọjà ti wá, pé 615 ni ti Nàìjíríà. Sàdíìnì tí mo rà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, "Product of Morocco" ni wọ́n sì kọ sí i lára. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gba "Product of Morocco" gbọ́. Lóòótọ́ ni 615 jẹ́ ti Nàìjíríà, 603 jẹ́ ti Gánà, 690 sí 699 ti Ṣáínà, 870 sí 879 ti Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé iṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ láti gba nọ́ńbà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Oníṣòwò Nàìjíríà lè gba 615 tirẹ̀, kó wá ní kí wọ́n bá òun di ẹja ní Mòrókò.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ lè bi NAFDAC fúnra wọn bóyá orúkọ ọjà àti orúkọ ilé iṣẹ́ bára mu. Kò sọ ti màlúù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní ìlú òyìnbó ní àmì kan tó rí bí ẹyin máa ń wà lára mílíìkì, pé òun ló ń fi ilé iṣẹ́ tó ṣe é hàn. Mo rí i lára bọ́tà tó fi ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n mo wá a títí lára mílíìkì agolo tí mo rà ní Ọjà Titun, n ò rí i. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Rárá, mà. Òfin Yúróòpù ló ni àmì yẹn, wọ́n fi dandan lé e fún ohun jíjẹ tó bá ti ara ẹran wá. Ẹ mú páálí bọ́tà yín wá síbi ìmọ́lẹ̀. Lẹ́tà tó wà lókè nínú ẹyin náà ni orílẹ̀-èdè: IE fún Ireland, NL fún Họ́láńdì, FR fún Faransé, PL fún Poland. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di GB láti 2021. Èyí tó wà láàárín ni nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà gan-an. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí EC, tàbí CE lọ́dọ̀ àwọn Faransé, tàbí EG lọ́dọ̀ àwọn Jámánì. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gbé ìwé nọ́ńbà wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ yín bá yín tẹ tiyín síbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ìlú tó wà yóò jáde. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ lé e lórí gbẹ̀yìn ló ń sọ. Wàrà lè ti oko ibòmíì, àní orílẹ̀-èdè míì, wọ ibẹ̀.

Agolo yín, Nàìjíríà ni wọ́n ti rọ ọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹyin lára. Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá ti Yúróòpù wá, ara àpò oníkílò 25 yẹn ni àmì náà wà, àpò náà kò sì kúrò ní ilé iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ìyá, mò ń ṣe yógọ́ọ̀tì tà ní Modákẹ́kẹ́. Mílíìkì tí wọ́n ń wọ̀n sínú láílọ́ọ̀nù lọ́jà dínwó ju ti sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìwé kankan lára. Báwo ni mo ṣe lè mọ orísun rẹ̀?

Ìdáhùn: O ò lè mọ̀ ọ́n bó bá ti dé inú láílọ́ọ̀nù. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra mílíìkì lọ́wọ́ alágbàtà kan. Ó ti tú u sínú àpò funfun tí kò ní nǹkan kan lára. Owó rẹ̀ wọ̀ mí lójú, mo gbé e, mo sì ń fi kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n tà. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ dé ní kùtùkùtù. Ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti òru, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú mílíìkì wo nìyí, kí n lè sọ fún dókítà." Mo tú ẹnu àpò náà. Òórùn rẹ̀ dà bí òróró tó ti pẹ́ nínú agbada, ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ sì ti dì gbagidi. Mo pe alágbàtà náà, kò rántí àpò tó ti bù ú. N ò rí nǹkan kan wí fún ìyá náà. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo fún un lówó ọkọ̀, mo sì da ìyókù nù. Ara ọmọ náà yá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí dòní n ò lè sọ bóyá mílíìkì yẹn ló ṣe é tàbí òun kọ́, ìyẹn sì ń dùn mí.

Tí o bá fẹ́ ra ìwọ̀n, sọ pé kí wọ́n gbé odindi àpò jáde kí o tó sanwó. Fi fóònù ya ìwé ara rẹ̀: orílẹ̀-èdè, ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ "Batch" tàbí "Lot" sí níwájú, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní òun ti sọ àpò nù, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú mílíìkì bẹ́ẹ̀ bọ́ ọmọ ọwọ́, kódà bí ìwé ara rẹ̀ bá pé.

Ìbéèrè: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nọ́ńbà "Batch" tí ẹ ń sọ yìí, mo yẹ agolo mi wò yíká, n ò rí i. Ṣé ó tiẹ̀ pọn dandan?

Ìdáhùn: Ẹ dojú agolo dé, bàbá. Ìdí rẹ̀ tàbí orí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, kì í sí lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku rẹ̀ jẹ́jẹ́, torí ọwọ́ tó ní epo máa ń pa yíǹkì rẹ̀ rẹ́, kí ẹ wá gbé e dá sí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti parẹ́ pátápátá, tàbí tí wọ́n tẹ òmíràn lé e, ẹ dá a padà.

Ó pọn dandan, bàbá. Ní 2008 ní Ṣáínà, wọ́n bomi la wàrà, wọ́n wá da kẹ́míkà tó ń jẹ́ melamine sí i kó lè dà bíi pé ó ṣì lágbára. Nǹkan bí ọmọ 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà kú. Nígbà tí wọ́n bá ní kí á kó ọjà kan kúrò lórí pẹpẹ, nọ́ńbà yẹn la fi ń mọ èyí tí a ó kó àti èyí tí a ó fi sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ń ta oúnjẹ ní Sábó. Ẹja inú yìnyín ńkọ́?

Ìdáhùn: Ara páálí rẹ̀ ló wà. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já páálí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ FAO (àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé) àti nọ́ńbà sí, apá ibi tí wọ́n ti pa á nínú òkun ni. 27 ni apá Norway àti Scotland, 34 ni etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 47 ni apá Àǹgólà àti Nàmíbíà, 87 sì ni Chile àti Peru. Bí wọ́n bá ti kó ẹja sínú firísà láìsí páálí, ẹ ní kí wọ́n fi páálí hàn yín.

Ìbéèrè: Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá kò ní nọ́ńbà, kò ní ìwé. Ṣé kí n yé rà á?

Ìdáhùn: Ẹ máa rà á! Òun nìkan ni ẹ lè bá ẹni tó fún un sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń fún un, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á fi omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì. Iná ti rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti omi tí wọ́n kó o sí ti kàn án lẹ́yìn náà, torí náà ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in dáadáa. Nọ́nọ̀, wàrà kíkan wọn, ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n lè má sè é rárá, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe màlúù sì lè gba inú wàrà tútù wọ ara ènìyàn. Ẹ bi obìnrin tó ń tà á pé agbo ta ni, àárọ̀ wo ló fún un, ṣé ó sè é. Èmi náà máa ń bi í. Èyí tó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá mọ màlúù rẹ̀ lórúkọ, ó sì máa ń sọ fún mi lọ́jọ́ tí ọ̀kan kò bá yá, pé wàrà òní kò tó ti àná.