Gàrí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀rọ Ìwọn Ṣúgà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Ẹ ó ti gbọ́ ọ lọ́jà, ẹ ó ti gbọ́ ọ lóko: wọ́n ní gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan lẹ́nu, nítorí náà kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, alátọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn wá pé ẹni tó ń sapá láti tọ́jú ara rẹ̀ á fi ọ̀rọ̀ yìí pa ara rẹ̀ lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí mọ bó ṣe ń kan. A ó bó pákí, a ó rin ín, a ó kó o sínú àpò, a ó gbé nǹkan tó wúwo lé e fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di pé a ṣẹ́ ẹ, tí a yan án. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń mú un kan láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ nínú sítáàṣì pákí náà. Èyí tó pọ̀ jù wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nínú 100 gram gàrí gbígbẹ, nǹkan bí 80 gram ni sítáàṣì. Bó bá sì ti dé inú, ṣúgà ló máa dà kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

A kò ní kí ẹ pa gàrí tì. Oúnjẹ wa ni, iṣẹ́ wa sì ni. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ ti tó lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ilá, èyí tó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà gba ìdámẹ́rin, kí òkèlè gba ìdámẹ́rin tó kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè; ṣúgà kì í sáré gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá jẹun báyìí. Kò sídìí láti dáná lọ́tọ̀ fún bàbá tàbí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, nítorí oúnjẹ yìí dára fún gbogbo ilé, títí kan àwọn ọmọ.

Ìkọ́kọrẹ́ náà ńkọ́? Ewùrà ni, sítáàṣì lòun náà. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ ti jẹ òkèlè méjì pọ̀. Kó jẹ ìkọ́kọrẹ́ nìkan, kó má pọ̀, kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í gbé ṣúgà sókè tó àwọn òkèlè mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń gbé e sókè. Òun náà kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù lọ. Tó bá jẹ́ gàrí rírẹ, ẹ yọ ṣúgà kúrò, ẹ dín gàrí kù, ẹ fi ẹ̀pà àti ẹja sí i. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti malt, tí wọ́n máa ń gbé fún aláìsàn pé ó ń fúnni lókun, kì í ṣe ohun mímu alátọ̀gbẹ.

Bí ẹ ó ṣe fi ẹ̀rọ yẹ ara yín wò

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Èyí ṣe pàtàkì gidi fún àgbẹ̀: bí omi ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí ìrèké bá wà lórí ìka, ẹ̀rọ á ka ṣúgà tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín. Ibẹ̀ kì í dunni tó bẹ́ẹ̀, awọ ibẹ̀ kì í sì í yi bí ti ibi tí ọkọ́ ń bá. Abẹ́rẹ́ kan, ẹnì kan. Ẹ dé ìgò sítíríìpù, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ lè kà á, pinpin, ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí sínú ọkọ̀, ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ yín ṣe ń kà. Òmíràn ń ka mg/dL, òmíràn ń ka mmol/L. 7 lórí èkejì jẹ́ 126 lórí àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, a ń fẹ́ 80 sí 130 mg/dL kí wọ́n tó jẹun, àti kó má dé 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Dókítà lè fún arúgbó tàbí aláboyún ní ìwọ̀n mìíràn. Tiẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Sítíríìpù wọ́n, nítorí náà ẹ má lo gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kan, ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà, àti wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ ó fi ojú ara yín rí ohun tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún yín. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lè bá yín kọ ọjọ́, aago, iye tí ẹ̀rọ kà àti ohun tí ẹ jẹ sínú ìwé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ dín iye ìgbà tí dókítà ní kó máa yẹ ara rẹ̀ wò kù.

Ewu tó wà lóko

Ẹni tó ń gba insulin tàbí tó ń lo glibenclamide (oògùn oníhóró fún àtọ̀gbẹ), tó lọ sóko láìjẹun, lè ṣubú sáàárín ebè. Ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ó, ojú á ṣú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dàrú, àwọn tó wà nítòsí á sì rò pé oòrùn ló pa á. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL, tàbí tí kò sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ fún un ní kóróró ṣúgà onígun (cube) mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì sàn, ẹ fún un sí i. Tó bá ti sàn, kó jẹun. Ẹ fi lílọ́ọ̀nù wé ṣúgà yìí sínú àpò aṣọ oko, kí àwọn tí ẹ jọ ń ro oko mọ ibi tó wà. Bí ẹni náà kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ògógóró tàbí àgbo ọlọ́tí lórí òfìfo ikùn lè fa irú ìṣubú yìí.

Ẹ wọ bàtà oko, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálẹ́. Ẹ̀gún lè wọlé kí alátọ̀gbẹ má mọ̀ ọ́n lára.

Bí ẹ̀rọ bá kà ju 300 mg/dL lọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí èébì àti mímí kíákíá bá bá a rìn, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù. Ẹ mú ẹ̀rọ yín, ìwé tí ọmọ bá yín kọ, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo àti omi ewúro, kí dókítà lè mọ ohun tó wà lára yín kó tó kọ òmíràn.