Lẹ́ǹsì Gígùn fún Yíya Àwòrán Ẹranko Igbó: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì, ẹ wo kámẹ́rà tí yóò gbé e. Kámẹ́rà Nikon D3500 àti D5600 kò ní mọ́tò kékeré tó ń yí lẹ́ǹsì nínú: lẹ́ǹsì AF-D àtijọ́, tí kò ní mọ́tò tirẹ̀, á wọlé sí i wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i kí àwòrán tó hàn kedere. AF-S tàbí AF-P, tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, ni kí ẹ béèrè.

Erin inú ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi kò ṣòro. Láti inú ọkọ̀, lẹ́ǹsì 70-300mm ti tó o (bí nọ́ńbà mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni tó). Ẹyẹ ni ìyọnu. Lékeléke tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ní Jabi Lake l'Abuja ò ní ju hóró ìrẹsì lọ lójú 300mm. Ibẹ̀ ni 150-600mm ti Sigma tàbí Tamron ti wúlò. Àmọ́ f/6.3 ni ojú rẹ̀ mọ ní 600mm (f ni ìwọ̀n ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ojú ń tóbi), ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé kò tó ìdajì ti f/4. Bí ẹyẹ bá ń fò láàárọ̀ kùtù, tí ẹ sì fẹ́ kí kámẹ́rà yà á ní 1/1600 ìṣẹ́jú àáyá, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára, á gòkè dandan. (Àwọn ọ̀bọ ńlá ìsun omi Wikki ní Yankari tiẹ̀ lè sún mọ́ni jù: 150-600mm Sigma tí wọ́n ń pè ní Contemporary kì í mú ohun tí kò tó mítà 2.8 sí i.)

Lẹ́ǹsì 150-600mm yìí wúwo tó bíi kílò méjì. Ẹ da ẹ̀wà sínú àpò aṣọ, ẹ má jẹ́ kó kún dẹ́nu, kó lè fara mọ́ lẹ́ǹsì. Ẹ gbé e lé ojú fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ sì ní kí dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, torí bó ṣe ń gbọ̀n ló ń ba àwòrán jẹ́.

Lásìkò ọyẹ́, lẹ́ǹsì tó ń yọ gùn tó sì ń wọlé padà ń fa eruku bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Sony 200-600mm kì í yọ síta. Owó rẹ̀ ló ń yọ. Bí àwòrán ọ̀sán gangan bá ń mì bí ohun tó wà lábẹ́ omi, ooru ilẹ̀ ni, lẹ́ǹsì ò jẹ̀bi.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀yìn. Okùn tín-ín-rín bí ti aláǹtakùn nínú gíláàsì, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń bu nínú lẹ́ǹsì ni, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kámẹ́rà tiyín ya ògiri bíríkì ní 600mm, kí ẹ dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀, ẹ sì fẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán náà wò lójú kámẹ́rà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣe bàìbàì ju èkejì lọ léraléra, ó ṣeé ṣe kó ti já bọ́ rí, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ì báà sọ.