DNA tí kò lẹ̀ mọ́ máíkà: EDTA ló fà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo AFM (máíkíróskóòpù tó ń fi abẹ́rẹ́ tínrín yẹ ojú nǹkan wò) nílé-Ifẹ̀ níbí, bí máíkà yín (òkúta pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ DNA lé) bá ń jáde lófìfo, ẹ yẹ omi tí DNA yín wà nínú rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. TE ni tiwa, ìyẹn omi Tris àti EDTA tí wọ́n ń fi tọ́jú DNA. Máíkà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ní cháàjì negative, DNA náà ní, torí náà wọ́n ń lé ara wọn. Mg²⁺ (magnẹ́síọ̀mù) tàbí Ni²⁺ (níkẹ́ẹ̀lì) ló ń so wọ́n pọ̀, EDTA inú TE, kẹ́míkà tó ń di irin mú, sì ń gbá wọn mú kí wọ́n tó dé ojú máíkà.

Ẹ fi HEPES (bọ́fà tí kì í jẹ́ kí pH yí) 10 mM, pH 7.5, tó ní NiCl₂ (iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì) 5 mM, la DNA náà ní ìlọ́po 100 ó kéré tán, kó kù sí nǹkan bí 1 ng/µL. Ẹ má fi phosphate sí i o, á bá níkẹ́ẹ̀lì dì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, níkẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù bó máíkà. Bí awọ tó lẹ̀ mọ́ téèpù kò bá pé odindi, ẹ tún un bó. Ẹ kán 10 µL sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 sí 5, ẹ fi omi deionised 1 mL ṣàn án, kẹ́ ẹ fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹni tó bá kánjú níbi ṣíṣàn yìí, iyọ̀ ló máa yà ní fọ́tò.

Gíga okùn DNA náà nínú fọ́tò sábà máa ń jẹ́ 0.5 sí 1 nm, kì í pé 2 nm tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì máa ń dè é pinpin. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa rìn lójú máíkà nínú omi, magnẹ́síọ̀mù ni kẹ́ ẹ lò.