Ẹ Yẹ Abẹ́ Òkúta Wò: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Odò Kékeré Ṣì Yè

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi odò sínú adágún ẹja, ẹ̀yin tí ẹ fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gààrí létí odò la kọ ìwé yìí fún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu olóko: "Omi yẹn mọ́ gaara nígbà tí mo fà á."

Omi tó mọ́ gaara kọ́ ni odò tó yè. Oògùn apakòkòrò tó ti yòrò sínú omi kì í ní àwọ̀. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dà sódò lóru lè ti ṣàn kọjá kílẹ̀ tó mọ́. Omi ń lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò abẹ́ òkúta kò kúrò lójú kan. Àwọn ni kẹ́ ẹ bi.

Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tó fẹ̀ ní mítà 1, kó gùn ní mítà 1, kẹ́ ẹ so ó mọ́ igi méjì. Ẹ wá abọ́ funfun, ṣíbí, àti bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Abọ́ náà gbọ́dọ̀ funfun, torí àwọn kòkòrò yìí fara jọ yẹ̀pẹ̀. Ẹ má sì wọ odò láìwọ bàtà: ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá.

Ẹ mú ibi tẹ́ ẹ fura sí, ìbáà ṣe ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́, ibi ìpẹran, tàbí oko tí wọ́n ti ń fín oògùn. Ibi méjì lẹ máa yẹ̀ wò: mítà 50 sísàlẹ̀ rẹ̀ àti mítà 50 sókè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti da ìsàlẹ̀ rú. Ẹ wá ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, tí kò jìn ju orúnkún lọ, kí ibi méjèèjì sì jọra. Kí ẹnì kan di nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí ẹnì kejì dúró níwájú rẹ̀ níhà òkè odò, kó máa fi ẹsẹ̀ tú òkúta àti yanrìn fún ìṣẹ́jú 3. Kò gbọdọ̀ dín. Ẹ mú òkúta 5 tó tó ìkúùkù, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ nu ara wọn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, kí omi rẹ̀ jìn tó ìka méjì, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ wò ó fún ìṣẹ́jú 5. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo abọ́ fìrí, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù, wọ́n á mira.

Kòkòrò onírù 3, tí nǹkan wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, àmì rere ni. Èyí tó ní ìrù 2, tó lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ òkúta, àmì rere tó jùyẹn lọ ni. Òmíràn á fi yanrìn tàbí ègé ewé kọ́ ilé tóóró, á yọ orí nìkan síta. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi gbé e. Akàn àti edé wẹ́wẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kún abọ́, tàbí ìdin onírù gígùn tó ń ti ìrù mí lójú omi, ọ́síjìn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹ ka oríṣi, ẹ má ka iye.

Bí onírù 3 àti onílé yanrìn bá wà lókè, tó jẹ́ ìdin pupa nìkan ló wà nísàlẹ̀, ohun tó wà láàárín ló ń ba odò jẹ́. Bí wọn ò bá sí lókè pẹ̀lú, ẹ má tíì dá aládùúgbò yín lẹ́bi. Ẹ máa rìn lọ sókè, ní mítà 100 mítà 100, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹlòmíràn á ní: "Àrọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀." Àrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí! Ó lè gbé ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́, ó sì lè gbé inú omi tí ẹja mìíràn kú sí. Epìyà ni kẹ́ ẹ wò, láàárín aago 5 sí 6 ìdájí, torí ìgbà yẹn ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Bí wọ́n bá ń já ẹnu sójú omi, ẹ má fa omi yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn inú omi, kó wọ̀n ọ́n nígbà yẹn, kì í ṣe lọ́sàn-án: mílígíráàmù 5 nínú lítà 1 ló yẹ kó wà, ó kéré tán.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kẹ́ ẹ ṣe é, nínú oṣù Kìíní àti nígbà ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ. Bí àgbàrá ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá odò, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀.

Omi ẹ̀gẹ́, inú kòtò ni kó lọ, kí kòtò náà jìnnà sódò ní mítà 30. Tánkì tẹ́ ẹ fi fín oògùn, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta lóko, kẹ́ ẹ fín omi rẹ̀ sórí oko náà. A ti sọ èyí títí. Ẹni tó bá ṣì ń fọ̀ ọ́ lódò tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń pọnmi, ìkà ló ń ṣe. Ẹ fi koríko àti igi etí odò sílẹ̀ ní mítà 10, ẹ má ro ó dé ẹnu omi.

Kòkòrò rere kò sọ pé omi náà ṣeé mu o. Ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó mu ún.